Ọjọ́ Tí Mo Fi Adó Han Àwọn Ará Ọkọ̀ Ojú Omi

Kò sí dírẹ́bà kan láti Ìkọ̀lé dé Ìdó tó lè dúró níwájú mi kó ní òun mọ ọ̀nà jù mí lọ. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì, mo ti sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, kò sẹ́ni tó já mi nírọ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní oko ń dúró dè mí. Ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kàwé tán ni mò ń gbé sẹ́yìn lójoojúmọ́, àwọn tíṣà yunifásítì, láti Ọyẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, láti Ìkọ̀lé bọ̀ wá sí Ọyẹ́. Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú, èmi ni wọ́n máa ń yíjú sí pé, "Dírẹ́bà, kí lẹ rí sí i?" Mo sì máa ń rí nǹkan sí i.

Ọ̀kan nínú wọn ló gbé iṣẹ́ yìí wá. Obìnrin ni, ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn ló ń kọ́ àwọn ọmọ, Dókítà là ń pè é. Ó ní òyìnbó kan wà tó kọ́ bàbá òun níwèé ní Adó nígbà tí òyìnbó náà ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ó ti darúgbó báyìí, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fi ń ṣe fàájì kiri etíkun. Ọkọ̀ náà máa gúnlẹ̀ sí Èkó fún ọjọ́ méjì. Àwọn èrò yòókù máa wo Èkó. Àwọn méjì yìí ní Adó làwọn fẹ́ wò. Wọ́n á wọ bàálù wá sí Àkúrẹ́ láàárọ̀, wọ́n á wọ ti aago mẹ́rin padà, nítorí ọkọ̀ ojú omi wọn máa ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

"Mo ní ìdánwò láti bójú tó, n kò lè tẹ̀ lé yín," ni Dókítà wí. "Ṣé ẹ mọ Adó dáadáa?"

"Dókítà, ẹ béèrè bóyá Adó mọ̀ mí."

"N kò ṣeré o. Olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ rí i délẹ̀délẹ̀."

"Adó tí èmi mọ̀ kò ṣeé rí tán lọ́jọ́ kan. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wọ bàtà tó fúyẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ àwọn ibi tí a máa yà sí sórí bébà kan, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Kí n má parọ́, gáréèjì mẹ́rin ni mo mọ̀ ní Adó, àti ọ̀nà tó já sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀nà ìlú ti mọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ yẹn, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Ìgbólé ló ń gbé, lẹ́bàá Ìfàkì, nínú ilé bàbá wa, ibi tí wọ́n bí èmi náà sí. Kò sí ìdí kan tí mo fi pè é ju pé inú mi dùn, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀.

"Òyìnbó méjì ni mo fẹ́ gbé lọ́la."

"Ìwọ?"

"Èmi tí ẹ ń wò yìí. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń bọ̀."

"Wọ́n á dé ulé?"

"Kí ló dé tí wọn ò ní dé ulé?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Nínú ọkàn mi, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń kọjá lọ tó ní "n óò yà" fún ẹni tó ń jẹun. N kò rò ó mọ́. Mo lọ fọ ọkọ̀ mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà ní pápá bàálù Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bàbá náà ga, ó tín-ín-rín, sálúbàtà aláwọ ló wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kúrú, ó dé fìlà koríko, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Mo ti múra òyìnbó ẹnu mi sílẹ̀. Bàbá náà na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o. Ulé ńkọ́?"

Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀, pé òun ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìkíni kò lọ. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ ju "ẹ ṣé" lọ. Òun ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ tó le, ní gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn tí mo lè bá lọ. Ó ṣí páálí oògùn kékeré kan hàn mí, ó ti ṣófo. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ òun ni, inú ọkọ̀ ojú omi ni èyí tó kù wà, èyí tí ọkọ òun lò láàárọ̀ yẹn ni òpin èyí tí àwọn mú dání. Bí àwọn bá pàdánù bàálù aago mẹ́rin, ọkọ̀ á ṣí, oògùn á bá a lọ sójú òkun.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀ yìí."

Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo gba Ìta-Ògbólú, mo gba Ìkẹ́rẹ́, ojú mi wà lọ́nà, ó tún wà lára aago. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí a fi wọ Adó.

Mo gbé wọn dé iwájú ààfin, wọ́n ya fọ́tò. Mo gbé wọn dé Ọjà Ọba, Ìyá ní kí n dúró, ó ya fọ́tò ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Mo gbé wọn gun bíríìjì ńlá tó kọjá lókè òpópónà, nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ mo yípo, mo tún gbé wọn gùn ún lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè rí apá kejì. Mo fi òkè hàn wọ́n. Ìyá béèrè iye ọdún tí òkè náà ti wà níbẹ̀, mo ní ó ti pẹ́. Mo fi ilé ìjọba hàn wọ́n láti òkèèrè. Mo fi ilé epo kan tí ó ní pọ́ǹpù mẹ́rìndínlógún hàn wọ́n, èyí kò sí nínú bébà Dókítà, èmi ni mo fi í kún un.

A wá dé ilé ẹ̀kọ́ tí Bàbá ti kọ́ni. Wọ́n ti wó èyí tó mọ̀, wọ́n ti kọ́ alájà méjì sí i. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó dojú kọ ọ̀ọ́kán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pupa kan.

"Ibí ni kànga wà," ó ní. "Àwa la gbẹ́ ẹ, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bàbá Dókítà yín ló wà nísàlẹ̀ jù."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Sìmẹ́ǹtì ni. Ó tún nàró, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ya fọ́tò ọkọ̀ pupa náà bó ti wà.

Mo wo bébà. Ó ti tán. Mo wo aago, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ̀sán pọ́n. Adó tí mo ní kò ṣeé rí tán lọ́jọ́ kan ti tán kí oòrùn tó dé àtàrí.

"Kí ló kù?" Ìyá béèrè.

Mo ń fọwọ́ lu sítíárì. Mo ń ronú gáréèjì tí n bá gbé wọn lọ. Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ẹ ti dé ibo? Usu ti wà lórí iná."

"Usu wo?"

"Usu tí àwọn àlejò rẹ máa jẹ níyán. Èyí tí wọ́n wà jáde lóko láàárọ̀ yìí ni. Gbogbo adúgbò ti gbọ́. Àwọn ará ulé kejì ti wọ aṣọ."

Ẹ ò mọ ibi tiwa bí ẹ bá rò pé ó rọrùn láti sọ pé a ò ní wá. Bí wọ́n bá ti gbé isu àlejò kaná, ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu eré. Ilé tí àlejò kò bá yà sí lẹ́yìn tí isu rẹ̀ ti wà lórí iná, ilé ahun ni wọ́n á máa pè é, wọ́n á sì pè é bẹ́ẹ̀ títí ọmọ inú ilé á fi dàgbà. Mo ka wákàtí nínú orí mi. Ìgbólé lọ, ogójì ìṣẹ́jú. Ká jẹun, ká padà. Ó lè bọ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí i.

"A ti wà lọ́nà," mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo yíjú sí ẹ̀yìn. "Ibi kan ṣì kù ní Adó," mo sọ fún wọn.

Mo gba ọ̀nà Ìwòròkò. Mo ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, Ìyá ń ya fọ́tò, Bàbá ń ka pátákó ojú ọ̀nà. Nígbà tí a dé oríta Ìfàkì, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ọ̀rẹ́ mi, Adó ti wà lẹ́yìn wa, àbí?"

"Bàbá, Adó ti gbòòrò sí i."

"Ó gbòòrò dé Ìfàkì?"

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà.

"Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbí ní Sátidé," ó ní. "Nígbà náà, Ìfàkì ni wọ́n ń pè é."

Ẹ̀rín rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó gbóná sí mi létí. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sọ òtítọ́ fún un, pé ẹ̀gbọ́n mi ti gbé isu kaná, pé ẹnu mi ló fà á. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ kíákíá ní èdè wọn. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí kò nílò ògbufọ̀. Bàbá ní, "Ó ní ká lọ, ṣùgbọ́n ká má jókòó."

Ká má jókòó. Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn ní Ìgbólé?

A dé ibẹ̀. Àwọn obìnrin adúgbò ti tò sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá, aṣọ àtàtà lọ́rùn gbogbo wọn, títí kan ìyá arúgbó kan tí kì í jáde. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ kan irin Ògún lẹ́nu ọ̀nà bí bàbá wa ṣe kọ́ wa, mo wo ìdí àáró. Ìkòkò ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ níbi ìnáwó òkú. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e kaná lóòótọ́, ṣùgbọ́n isu tó bẹ́ kò lónkà, kò dẹ̀ bọ̀rọ̀. Odó wà nílẹ̀, ọmọrí odó wà lára ògiri, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ti gbẹ.

"Ẹ káàbọ̀ o," ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Ẹ jókòó."

"Ẹ kú uṣẹ́, ìyá," Bàbá dáhùn.

Gbogbo bẹ́ǹṣì hó. Ìyá arúgbó náà ní, "Ta ló kọ́ èyí lọ́rọ̀ wa?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ wò ó, ó gbọ́ ọ ju àwọn ọmọ yín tó wà l'Ékòó lọ."

Mo fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó ku báwo kó jinná?"

"Kò ní pẹ́ dẹ̀. Lẹ́yìn náà ká gún un, ká gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n á jẹ."

"Wákàtí kan nìyẹn."

"Kí ni wákàtí kan? O fẹ́ kí n fún wọn ní gaàrí?"

"Bàálù ń lọ láago mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ lo ní wọ́n ń bọ̀. Èmi ni mo lọ wá wọn ní Èkó? Gbogbo àwọn tó jókòó yìí, ojú wo ni kí n fi wò wọ́n? Kí n ní dírẹ́bà òyìnbó yìí ń kánjú?"

Mo dúró síbẹ̀. N kò lè fà wọ́n jáde níbi tí isu wọn wà lórí iná, n kò sì lè jókòó. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo wo ọkọ̀. Mo padà, mo wo ìkòkò. Àwọn obìnrin náà ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ẹ jẹ́ kó máa rìn, bóyá ìrìn rẹ̀ á jẹ́ kó tètè jinná."

Ìyá òyìnbó ló dìde. Ó rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí iná, ó mú páálí oògùn tó ṣófo náà jáde nínú báàgì, ó nà án sí i. Ó kàn nàka sí ọkọ rẹ̀, ó wá nàka sí aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò kàwé bíi tèmi náà, ṣùgbọ́n ó mọ páálí yẹn. Ó gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, irú rẹ̀ gan-an ló mú lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń fún òun náà ní ọsibítù lóṣooṣù.

Ó fi í han Ìyá. Àwọn méjèèjì wo páálí méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, o kò sọ? O gbé e kiri nínú oòrùn, o ní kó wá jẹ iyán?"

"Mo fẹ́ sọ..."

"Pa ẹnu dé. Ẹ gbé ìkòkò yẹn sọ̀."

Wọ́n gbé e sọ̀. Isu náà kò tíì dẹ̀ tó èyí tí wọ́n ń gún, ṣùgbọ́n ó ti jinná fún ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi fi ewé di ìdì méjì, ó bu epo sínú ike kan, ó fi iyọ̀ sí i. Ó ge oògùn mẹ́rin nínú tirẹ̀, ó fi wọ́n sínú páálí Ìyá. Ìyá gbà á, ó mi orí, ó rọra kó wọn padà sí i lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé lé wọn. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á bínú. Kò bínú.

Ó kọjú sí bẹ́ǹṣì. "Ẹ jókòó, ẹ má dìde. Iyán kì í ṣe ti ẹni tó ń sáré. Àwa la máa jẹ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó pe ilé wa ní ilé ahun. Mo ń retí rẹ̀, n kò gbọ́ ọ.

Aago kan ti kọjá nígbà tí a kúrò. Ọ̀nà yẹn, ẹ má béèrè bí mo ṣe wà á. Wọ́n ń jẹ isu lẹ́yìn mi, epo ń kán sórí ìjókòó tí mo fọ̀ lánàá, n kò bojú wẹ̀yìn. Mo kọjá Adó láìwò ó. Ní Ìkẹ́rẹ́, ọlọ́pàá dá wa dúró, Bàbá na isu kan sí i láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ wá jẹun." Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín tó fi gbàgbé ohun tó fẹ́ béèrè. Ní Ìta-Ògbólú, tírélà kan ti yẹ̀ sí àárín ọ̀nà, ọkọ̀ ti tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Èmi kò tò. Mo gba ẹ̀yìn ọjà, mo gba ojú oko kòkó ẹnì kan, ẹ̀ka igi ń họ ọkọ̀ mi lára, mo jáde sí iwájú tírélà náà. Kò sí ẹni tó yìn mí nínú ọkọ̀. Ìyá ti mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó ń fi í fẹ́ ọkọ rẹ̀, ojú ọkọ rẹ̀ ti pọ́n.

Nígbà tí a dé pápá bàálù, wọ́n ti pa kántà dé. Ọmọdébìnrin kan ló wà níbẹ̀, kò ju ọmọ mi kejì lọ, ó ti ń kó bébà rẹ̀ jọ.

"A ti tì í, sà," ó ní. "Ẹ pẹ́."

Mo ní kí ó ṣàánú. Ó ní kì í ṣe ọwọ́ òun. Mo sọ fún un pé dírẹ́bà ni mí láti Ọyẹ́, pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mí lójú ọ̀nà yẹn. Ó ní, "Èmi ò mọ̀ yín, sà." Mo wẹ̀yìn. Bàbá ti jókòó sórí báàgì rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ dì í léjìká mú. Kò wò mí. Ì bá sàn bó bá wò mí.

Èmi tí n kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, tó jẹ́ pé bí mo bá ti tẹ̀ríba díẹ̀, mo ti ṣe tán, mo nà gbalaja sílẹ̀ níwájú ọmọ náà. Àyà mi kan táìlì. Mo ń rí bàtà rẹ̀, bàtà pẹlẹbẹ dúdú tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣí.

"Ẹ dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ má ṣe èyí fún mi."

"Tèmi ni ẹ̀bi," mo wí fún bàtà náà. "Wọn kò pẹ́. Èmi ni mo mú wọn pẹ́. Oògùn bàbá yẹn wà nínú ọkọ̀ ojú omi."

Mo gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò ọwọ́ kan. Ohùn ọkùnrin kan ń jiyàn nínú rẹ̀, ó ń dá a lóhùn, ó tún ń dá a lóhùn. Mo wà nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀, kíákíá."

Nígbà tí mo fi dìde, wọ́n ti ń sáré lọ. Bàbá gbé ọwọ́ sókè láìwẹ̀yìn. Ìyá dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kámẹ́rà, ó wò mí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, kò ya fọ́tò náà. Ó kọjá.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ títí bàálù fi gbéra. Mo wò ó títí ó fi wọ inú ìkùukùu lọ. Eruku wà láyà ẹ̀wù mi, n kò gbọ̀n ọ́n. Fóònù dún.

"Wọ́n ti wọ̀ ọ́?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Wọ́n ti wọ̀ ọ́."

"Máa bọ̀. Àwọn èèyàn yìí ò tíì lọ. Wọ́n ní àfi kí o wá sọ bí òyìnbó ṣe ń jẹ usu, àti bí o ṣe bá bàálù."

Mo ní kí wọ́n dúró dè mí. Mo tan ọkọ̀. Láti Àkúrẹ́ dé Ìgbólé, mò ń to ìtàn náà pọ̀ lẹ́nu, mò ń yọ ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ kúrò, mò ń fi í padà.